Katakata Tó Kọ̀ Láti Jí ní Wayllani

Calama,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, 1996

Bàbá mi Hilarión Ayaviri,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo kí orúnkún yín. Ó tó.

Katakata ìlú ti dákẹ́ láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Ẹ̀yin tí ìtọ́jú rẹ̀ kàn lọ́dún yìí mọ̀. Saturnino àbúrò ìyá mi tó ń wà á mọ̀. Don Lázaro olórí ìlú mọ̀, nítorí iwájú ilé rẹ̀ ló kú sí. Doña Petrona tó ń ta búrẹ́dì nínú ọkọ̀ ojú irin náà mọ̀, òun ló sì sọ fún mi lánàá bó ṣe ń na búrẹ́dì sí mi: "Háà, Casilda, o ò tíì gbọ́ ni? Katakata yín ti di ibi tí ajá ń sùn sí." Gbogbo ayé mọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí tí mò ń fi ìlú yangàn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ọkọ̀ ojú irin ti ọ̀dọ̀ yín wá láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ẹ ò fi bébà kékeré kan rán Petrona. Bàbá, ta ló kó àwọn ọmọ Wayllani tó wà ní Calama jọ láti dáwó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ọdún mẹ́ta kí katakata yẹn tó dé? Ta ló kọ̀wé, ta ló bẹ̀bẹ̀, ta ló bá aṣọ́bodè jà ní ẹnu ààlà títí wọ́n fi jẹ́ kó kọjá? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé tí iṣẹ́ ìlú bá bàjẹ́ sí lọ́wọ́, wọn kì í ka ọdún ìsìnlú náà fún un, yóò tún un sìn ni. Òkìtì kinúa, ọkà tí à ń jẹ, ti ilé mọ́kànlélógún ló wà lórí pápá, taya katakata ò tíì gun ẹyọ kan kí hóró lè bọ́. Tí yìnyín oṣù Keje bá bá a níta, yóò hù, yóò dúdú, àwọn láàmà inú agbo wa gan-an ò ní fẹnu kàn án.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ mẹ́tàlélógójì ló ń sùn níta lórí òkè tó tutù ju Wayllani lọ. Èmi ni mò ń to iṣẹ́ fún àwọn mẹkáníìkì wọn. Aago márùn-ún ìdájí, gbogbo wọn a ti sítáàtì. Kì í ṣe àdúrà ló ń jí wọn. Ètò ni. Nítorí náà, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí, ẹ má fo ọ̀kankan.

Tí Saturnino bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, àbí ó ń fà bí arúgbó tó ń gun òkè? Tó bá ń fà, bátìrì ló rẹ̀ tàbí ọ́ìlì ló ki. Èkejì: tó bá ń yí, èéfín wo ló ń jáde lẹ́yìn rẹ̀? Tó bá funfun, epo dísù ń dé inú ẹ́ńjìnnì, ooru ni kò tó láti mú un jó. Tí kò bá sí èéfín kankan, epo ò dé ibẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹta: báwo ló ṣe ń ṣe lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú? Ẹ̀kẹrin: ta ló ti fọwọ́ kàn án, kí ló sì ṣe sí i, láti ìgbà tó ti dé ọwọ́ yín?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì sí ihò èémí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti mọ́ lára á di ọ̀mùtí, kò ní jí láìjẹ́ pé ó mu. Èyí tí kò bá sì di ọ̀mùtí, á fọ́.

Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Kí èsì wà nínú rẹ̀.

Casilda


Wayllani,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà

Casilda, ọmọ mi,

Mo kà á pé o kí wa. Mo tún un kà, bóyá mo fo ìlà kan. Ìlà kan náà ni. Níwọ̀n ìgbà tí o ti kí orúnkún mi, òun náà kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn ní ilé iṣẹ́ yín, kí òun lè máa kí ẹran òun bẹ́ẹ̀.

Òtútù ọdún yìí dára púpọ̀. Ìyá rẹ tẹ́ ànàmọ́ síta ní ẹ̀bá odò, òru mẹ́ta péré ló gan pa, a sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ omi rẹ̀ jáde. Chuño tí a rí nínú rẹ̀ lọ́dún yìí dúdú, ó sì le bí òkúta. Mo fi ìwọ̀n díẹ̀ rán Petrona sí ọ. Òtútù tó ń bá katakata rẹ jà náà ló ń bọ́ wa, nítorí náà má retí pé kí ìlú jókòó máa ṣépè fún un.

Ìbéèrè rẹ nìyí. Ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa. Bátìrì ò sùn síta rí. Ní ìrọ̀lẹ́, Saturnino á tú u, á gbé e wá sí ilé ìdáná wa, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń sùn. Ìyá rẹ ní ipò tí bátìrì wà nínú ilé yìí sàn ju tèmi lọ. Èéfín ò sí, funfun ò sí, dúdú ò sí. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú un lórí dáadáa, á sítáàtì, á ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ewé kóká ẹnu kan, á wúkọ́, á kú.

Saturnino ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Láàárọ̀, ó máa ń kó ẹyin iná ìgbẹ́ láàmà sínú àwo irin, á tì í sábẹ́ ibi tí ọ́ìlì wà, á jókòó tì í títí yóò fi rọ̀. Abẹ́ ọ́ìlì o, kì í ṣe abẹ́ táńkì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ méjì ti là láti ara òtútù irin.

Àwọn ará ìlú ń béèrè, mo ń fún wọn lésì. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ gbóná jù.

Bàbá rẹ,
Hilarión


Calama,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ ṣé fún chuño. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ń dùn yín láàárọ̀ jù àbí lálẹ́? Ṣé ìyá mi ń fi ọ̀rá láàmà pa á? Mo ti béèrè mẹ́ta lórí orúnkún kan. Ṣé ẹ ti yọ́?

Mo béèrè nǹkan mẹ́rin nípa katakata, mẹ́ta lẹ dáhùn. Lórí ìkẹrin, ẹ sọ ohun tí Saturnino ń ṣe nísinsìnyí. Ohun tí mo béèrè ni ohun tí wọ́n ti ṣe sí i láti ìgbà tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fò ó. Mo rí i.

Ó ń yí dáadáa, kò rú èéfín, ó ń jí lọ́sàn-án. Epo ò dé ibẹ̀ nìyẹn. Nǹkan ti dí i lọ́nà, ohun náà sì ń yọ́ tí oòrùn bá mú. Ohun méjì ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni epo fúnra rẹ̀. Dísù tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ ooru, tí òtútù bá mú un, á dì bí àbẹ́là, á lẹ̀ mọ́ fítà tó ń sẹ́ epo. Mo sì mọ ẹni tó lọ ra dúrọ́ọ̀mù epo ní oṣù Kẹrin. Saturnino ni. Níbo ló ti rà á? Ṣé kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbígbóná, nítorí pé kò fẹ́ tò fún wákàtí méjì ní ibùdó epo Uyuni? Mo mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ràn àtitò. Ẹ bi í, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Èkejì ni omi. Kí n má baà dá ẹjọ́ ní apá kan, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá wà lórí rẹ̀, ẹ tú bóòtù kékeré tó wà nísàlẹ̀ táńkì, ẹ gba ohun tó bá kọ́kọ́ jáde sínú ìgò funfun, ẹ dì í padà kíá. Ẹ gbé ìgò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kó má sún mọ́ iná jù, kí ẹnikẹ́ni má gbọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé epo ló dì, yóò yọ́, yóò mọ́, yóò sì di ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀, yóò pín sí méjì, omi á wà nísàlẹ̀, epo á léfòó. Ọmọ ọdún méje lè wò ó.

Mo mọ̀ pé àbúrò ìyá mi ni Saturnino. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, òun ló gbé mi kọjá odò nígbà tí afárá já. Ẹ̀rọ ò mọ ẹbí. Kí ó dáhùn.

Èsì ní Ọjọ́ Ajé.

Casilda


Wayllani,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹfà

Casilda,

A dúpẹ́ fún ìkíni. Ìyá rẹ ní eléyìí gùn.

Alẹ́ ọdún Jòhánù Mímọ́ la wà yìí, gbogbo ilé ti ń kó igi jọ síta láti dáná. Omi inú garawa ti dì kí a tó jẹun alẹ́. Mi ò ní pẹ́.

Mo bi Saturnino. Uyuni ló ti ra epo, ó sì mú bébà rẹ̀ fún mi, òǹtẹ̀ ibùdó epo wà lórí rẹ̀. Ó tò. Wákàtí mẹ́rin ló fi tò, kì í ṣe méjì.

A ṣe ohun tí o ní kí a ṣe sí ìgò. Omi ni. Ó tó ìka méjì nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ìyá rẹ gbé ìgò náà sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ wo ẹran lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi ni, a ti mọ̀. Sọ bí a ó ṣe mú un jáde fún wa, kí a ṣe é, kí ìlú pa kinúa rẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ènìyàn sinmi.

Bàbá rẹ


Calama,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà

Bàbá,

N ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ènìyàn sinmi. Omi kì í dìde lódò kó lọ ṣí ìdérí táńkì. Ènìyàn ló ń dà á sí i.

Mo ka lẹ́tà yín fún olórí mẹkáníìkì wa. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹni tó ń fa epo jáde tà ló ń da omi dípò, kí òṣùwọ̀n má baà lọ sílẹ̀." Ó ti rí i ní ibi mẹ́ta. Ta ló ń sùn mọ́ katakata? Ta ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí táńkì wà lọ́rùn rẹ̀? Ẹ̀yin náà sì mọ̀, Bàbá. Ọ̀nà tí ẹ gbà fo ìbéèrè kẹrin ti sọ fún mi pé ẹ mọ̀. Ẹ ń bo àbúrò ìyàwó yín. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi jáde lọ wo ẹran.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ti kọ lẹ́tà sí Don Lázaro, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló gbé e wá. Mo ní kó kà á ní ìpàdé ìlú ọjọ́ Àìkú yìí. Mo sọ pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Saturnino kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ nítorí ẹbí, kí ni mo máa sọ fún àwọn tó bá mi kó katakata yẹn jọ níbí? Pé ìyá mi ní àbúrò?

Ẹ má tú omi yẹn dànù o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan táńkì. Ẹ̀rí ni. Kí ìlú fi ojú ara wọn rí i ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́, lẹ́yìn náà ni mo tó máa sọ bí ẹ ó ṣe mú un jáde.

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn. Inú èmi náà ò dùn.

Casilda


Calama,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Bàbá,

Mo wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti ìdájí lánàá títí gbogbo èrò fi sọ̀ tán. Petrona sọ̀ kalẹ̀, ó fún mi ní búrẹ́dì, kò fún mi ní lẹ́tà. Mo ní, "Ṣé o ò rí bàbá mi ni?" Ó ní, "Mo rí i." Mo ní, "Kí ló sọ?" Ó ní, "Ó wò mí." Petrona tí kì í dákẹ́ ẹnu ló kó ẹrù rẹ̀ lọ bí ẹni tí òjò ń lé!

Ṣé nítorí pé mo sọ òtítọ́ níwájú ìlú lẹ fi ń bá mi yan odì? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé iṣẹ́ ìlú kì í ṣe oúnjẹ ilé. Yìnyín ń bọ̀. Àwọn tó ń ti òkè bọ̀ níbí ní ó ti wà lórí àwọn òkè ààlà.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Bí ẹ ó bá bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Casilda


Wayllani,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù Keje

Casilda,

Mo jókòó láti kọ lẹ́tà yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ mi kọ̀. Lónìí, ìyá rẹ ló gbé bébà sí iwájú mi. Ó ní bí mi ò bá kọ ọ́, òun ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu, òun ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé iṣẹ́ yín.

Rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọdún Kánífà ní oṣù Kejì, nígbà tí o wá sílé fún ìwúre katakata. O wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Katakata wà nínú àgbàlá wa. A ti so òdòdó àti ọ̀já aláwọ̀ mọ́ ọn nímú, a ti ta ọtí sí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ti fún Ìyá Ilẹ̀ ní tirẹ̀. Gbogbo ìlú ti tẹ̀lé àwọn onífèrè lọ. Ó ku ìwọ, èmi, Saturnino, àti ìyá rẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìwọ lo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Saturnino bí ẹni ń ṣeré, o gun ẹ̀gbẹ́ táńkì. O ní, "Gbogbo wa la ti mu, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ gbẹ!" O ṣí ìdérí. Saturnino di apá rẹ mú, ó ní, "Casi, ìta la ń ta á sí o, kì í mu èyí." O ní, "Ẹ tú mi sílẹ̀ jàre, bùọ̀dá. Ta ló mú un wá sí ìlú yìí, èmi àbí ẹ̀yin?" Ó tú ọ sílẹ̀. Ìgò bíà méjì, ìgò ńlá. O dà á tán, o tún gbọn ìgò.

O bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ ní ìdájí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Saturnino fi dé pẹ̀lú sípánà àti ọpọ́n láti tú u. Èmi ni mo dá a dúró. Mo ní ohun tí a bá ti ta sílẹ̀, a kì í gbà á padà, ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n fún Ìyá Ilẹ̀ ní nǹkan, wọ́n tún kó o dànù bí omi ìfọwọ́? Òtítọ́ ni, a kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan. Ìwọ lo kó katakata yẹn wá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọtí tí ọmọ Hilarión dà, wọ́n dà á nù lẹ́yìn rẹ̀. Saturnino wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ni yóò tú àṣírí yìí." Ó kó sípánà rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Sátidé, ó máa ń tú èyí tó bá ti dé abẹ́ fítà jáde díẹ̀díẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Kò sọ fún ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí katakata fi ṣiṣẹ́ dé ìparí oṣù Karùn-ún. Nígbà tí òtútù dé lójijì, èyí tó kù dì mọ́ ọn lọ́nà.

Don Lázaro ka lẹ́tà rẹ níwájú ìlú. Ó dé ibi tí o ti kọ pé ẹni tó ń fa epo jáde ló ń da omi dípò. Saturnino dìde. Ó wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀. Casilda, mo wo ilẹ̀. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, ni wọ́n máa dá ẹjọ́ rẹ̀. Tí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, kò ní wa ohun ìlú mọ́ títí láé. Ìyàwó rẹ̀ ò wá sí odò mọ́ láti pọn omi nígbà tí àwọn obìnrin yòókù bá wà níbẹ̀. Yìnyín kọ́kọ́ bọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, ó yọ́ lọ́sàn-án. Èyí tó ń bọ̀ lè má yọ́.

Ó wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Mo rò pé ó wá bú mi. Ó ní òun fẹ́ kúrò ní ìlú. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, bóyá o lè bá òun wá iṣẹ́ sí Calama.

Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́: "Casilda, o kàwé, o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ìwọ ò wá mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ bi. Bíà ni mo gbóòórùn nínú ìgò yẹn."

Bàbá rẹ


Calama,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje

Bàbá mi, ìyá mi,

Katakata ìlú ti dákẹ́ láti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. Èmi ni mo pa á. Saturnino mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun Kánífà. Bàbá mọ̀. Ìyá mi mọ̀ láti ìgbà tó ti fi imú kan ìgò. Èmi náà mọ̀: mi ò tíì ka ìlà jákẹ́ẹ̀tì pupa yẹn tán tí mo fi rí ọwọ́ ara mi lórí ìdérí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń béèrè ta ló fọwọ́ kàn án, mi ò fi ìgbà kan bi ara mi.

Bàbá, inú ń bí mi sí yín débi pé mo ti fa bébà méjì ya kí n tó kọ èyí. Ẹ wo ilẹ̀! Ẹnì kan dúró níwájú ìlú, wọ́n ń fi ẹnu ọmọ yín pè é ní olè, ẹ sì wo ilẹ̀. Ta ló ní kí ẹ dáàbò bò mí? Ìlà kan péré ni mo nílò nínú lẹ́tà kìíní: "Casilda, ìwọ lo da bíà sí i." Ǹ bá pariwo, ǹ bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì kinúa ìlú ì bá ti wà nínú àpò. Dípò ìyẹn, ẹ gbé ọlá mi ka orí Saturnino, ẹ sì jẹ́ kó máa rù ú lọ. Mi ò fẹ́ irú ọlá bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀.

Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má tú omi náà. Mo pè é ní ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn tún ba kinúa, ẹ̀bi tèmi nìyẹn pẹ̀lú, ẹ má pín in pẹ̀lú mi.

Ní ti Ìyá Ilẹ̀, Bàbá, mi ò mọ̀ ju yín lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a ta sí taya ni tirẹ̀, ó sì ti gbà á. Èyí tí mo dà sínú táńkì, mi ò fún un, mò ń fi ara mi hàn ni. Ẹ tú u sórí ilẹ̀ níta, kí ó wá di tirẹ̀ nísinsìnyí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Saturnino ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ní Sátidé, kí àwọn ọkùnrin fi okùn fa katakata sí ibi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń mú. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú bo táńkì, ẹ to ìgò omi gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tutù. Iná kankan ò gbọdọ̀ wà nítòsí. Tí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì láìmì í, kí omi tó ti yọ́ lè sọ̀ sílẹ̀. Kí ó tú bóòtù ìsàlẹ̀, kó jẹ́ kó máa ṣàn títí epo tó mọ́ yóò fi dé, kó dì í. Fítà tuntun méjì wà lọ́wọ́ Petrona nínú páálí pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ó yọ ti tẹ́lẹ̀, kó fi epo tó mọ́ kún tuntun kó tó dè é, kó fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ò fi ní hó mọ́. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ fún ìwọ̀n kíkà dé mẹ́wàá, kó sinmi, kó tún yí i. Èéfín funfun ni yóò kọ́kọ́ rí. Kí ó má fòyà. Yóò jí. Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n máa rọ táńkì kún ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrì má ráyè sùn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi kẹrosíìnì ìlọ́po kan pọ̀ mọ́ dísù ìlọ́po mẹ́sàn-án títí oṣù Kẹjọ yóò fi parí. Mo tún un sọ fún Saturnino bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn fún un ní fítà.

Ní ti iṣẹ́ ní Calama: ó wà. Mo lè rí i fún un lọ́la. Mi ò ní wá a, títí ìlú yóò fi da kọ́kọ́rọ́ padà sí ọrùn rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì fẹ́ wá, èmi fúnra mi ni màá dúró dè é ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò ní ìlú bí olè nítorí tèmi.

Lẹ́tà kejì wà nínú àpòòwé yìí, sí ìpàdé ìlú. Mi ò lẹ̀ ẹ́, ẹ lè kà á. Ó kúrú: Èmi, Casilda Ayaviri, ni mo da bíà méjì sínú táńkì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Kánífà. Saturnino Yucra kìlọ̀ fún mi. Kò jí nǹkan kan. Mo purọ́ mọ́ ọn nítorí pé mo fẹ́ràn láti rí ẹlẹ́bi ju kí n rí ẹ̀bi lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, màá gbé ewé kóká wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi, bí ó ṣe yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe.

Ẹ má fún Don Lázaro kà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, Bàbá, lórí ìdúró, pẹ̀lú orúnkún yín bó ti wù kó máa dùn yín. Kí Saturnino jókòó. Bí ẹ bá kà á dé orúkọ mi, ẹ má rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ sọ apá tiyín fúnra yín, pé ẹ̀yin lẹ dá a dúró. Mi ò lè kọ ìyẹn fún yín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀sán tó dún, kí wọ́n tó pe ẹjọ́ kankan. Tí Petrona bá dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò gbé èsì yín wá, màá wọ ọkọ̀ ojú irin Ọjọ́rú, màá sì wá kà á fúnra mi.

Ọjọ́ Àìkú, Bàbá. Ẹ má wo ilẹ̀.

Casilda